Ọ̀dà Kò Mọ̀wé Kà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òjò ọdún méjì péré ni òtítọ́ fi lé e bá. Nọ́ńbà kan ni irọ́ náà. Èmi ni mo fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí títí di sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá.

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó hú u jáde. Nínú kíláàsì ìmọ̀ ògbufọ̀, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àyọkà kan lórí bí a ṣe ń ṣe ọ̀nà, mo ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Gírédà, katapílà àti róólà kò dà wọ́n láàmú, nítorí pé àwọn ará ìlú ti sọ wọ́n di Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó di ẹtì, èyí tí ó máa ń gba ọ̀dà gbígbóná lọ́wọ́ típà, tí ó sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ẹnì kan pè é ní 'ẹ̀rọ atẹ́dà'. Ẹlòmíràn pè é ní 'ẹ̀rọ amọ́nàtẹ́jú'. Ẹnì kẹta ní òun ti yẹ Èdè Ìperí Yorùbá wò, apá kìíní ti ọdún 1984 àti apá kejì ti ọdún 1990, òun kò sì rí i níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò lè rí i, nítorí pé ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn àgbà wa kó jọ sínú ìwé méjèèjì. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni àwọn tí wọ́n ń fi í ṣiṣẹ́ ń pè é?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá a ṣiṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ni bàbá tí ó bí mi. Píwídì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1950 kí wọ́n tó wá máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ní ìgbà tiwọn, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Wọn a da ọ̀dà sínú àgbá, wọn a ko igi sí i nídìí, wọn a sì dáná sí i títí ọ̀dà yóò fi yọ́. Wọn a gbá ojú ọ̀nà mọ́, wọn a da ọ̀dà yíyọ́ lé e lórí, wọn a sì fi ṣọ́bìrì fọ́n òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí róólà tó gùn ún. Níbi tí ó bá jẹ́ pé ọ̀dà tí a ti pò mọ́ òkúta, yanrìn àti eruku òkúta ni a fẹ́ tẹ́, wọn a kan èèkàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, wọn a na okùn mọ́ ọn, wọn a sì máa fi réèkì fà á títí yóò fi bá okùn dọ́gba. Bàbá mi ni olórí àwọn tí ń fa réèkì.

Wọn kò dé ọgbà ilé-ìwé rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀dà. Bí típà bá ti dé, wọn a wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì sọ bí ó ti rí. Bí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ tí ó sì rí bí aró, ó ti gbóná jù, iná ti ń jẹ ẹ́. Bí ó bá ń dán, ó dára. Bí ó bá ga ṣóńṣó bí òkìtì, tí ojú rẹ̀ sì le, ó ti tutù. Bàbá mi kì í lo ọ̀rọ̀ náà 'tutù'. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ọ̀dà yìí ti ń kú."

Ní ọdún 1981, agbaṣẹ́ṣe kan gba iṣẹ́ ọ̀nà kan ní agbègbè wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a wà nígbà náà, nítorí pé ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 ti la ojú gbogbo ènìyàn. Kò sí ìlú tí kò fẹ́ kí ọ̀nà tirẹ̀ náà tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọdé àti àgbà fi tú jáde lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ tuntun náà kalẹ̀ láti orí tírélà. Bàbá mi rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fi ọwọ́ kan irin rẹ̀, wọ́n sì sọ pé, "Èyí ni ó wá gba réèkì lọ́wọ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ilé-iṣẹ́ náà kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ abẹ́ wọn lọ síbi gọ́tà gbígbẹ́. Bàbá mi àti ọkùnrin mẹ́rin péré ni ó kù lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń tún etí ọ̀nà ṣe àti ojú ibi tí ọ̀dà àná ti pàdé ti òní.

Péfà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ náà. Iwájú rẹ̀ dà bí ọpọ́n ńlá tí ó yanu sókè. Típà a fi ẹ̀yìn rìn wá títí táyà rẹ̀ yóò fi kan irin roboto méjì tí ó wà níwájú péfà. Dẹrẹ́bà a yọ jíà, péfà a sì máa ti típà lọ síwájú bí ó ti ń da ọ̀dà sínú ọpọ́n náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wọ̀n irin a fa ọ̀dà gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn. Bí ó bá ti débẹ̀, irin gbọọrọ kan tí ó lọ́ bí ìwo àgbò a máa yí bírí, a sì máa tú ọ̀dà ká sí ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn èyí ni irin pẹlẹbẹ wúwo kan wà, tí ó fẹ̀ tó ìdajì ọ̀nà. Irin yìí ni ó ń tẹ́ ọ̀dà gan-an. Ìdí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí pé ẹ̀yìn pátápátá ni ó wà. A gbọ́dọ̀ fi iná mú un gbóná láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀dà má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti ń dáná sí i, ẹnì kan kò ní ṣàì sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹ̀rín a sọ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nípa ìdí péfà ni pé kò sí ohun tí ó tì í mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tí ó gbé e dúró. Apá irin gígùn méjì ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, péfà kàn ń wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀ ni. Orí ọ̀dà gbígbóná ni ó ń léfòó lé, bí ọkọ̀ ojú omi ti ń léfòó. Bí péfà bá ń rìn déédéé, tí ọ̀dà tí ó wà níwájú ìdí kò pọ̀ jù tí kò sì kéré jù, tí gbígbóná rẹ̀ kò sì yí padà, ìdí kò ní lọ sókè tàbí sódò, ọ̀nà yóò sì tẹ́jú. Bí ẹsẹ̀ péfà bá tilẹ̀ bọ́ sínú kòtò kékeré, ìdí kò ní bá a bọ́ síbẹ̀ lójijì. Ilé-iṣẹ́ Barber-Greene ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé ọgbọ́n yìí jáde láàárín ọdún 1930 sí 1939, òun náà ni àwọn péfà tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì àti Japan ń lò títí di òní.

Ọwọ́ ìyí kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀dà nípọn sí i tàbí kí ó fẹ́lẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i, àyípadà náà kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Péfà ní láti rìn tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún gígùn apá irin rẹ̀ kí ó tó hàn tán. Ẹni tí kò bá ní sùúrù a yí i síwájú, kò ní rí nǹkan, a tún yí i sí i. Nígbà tí yóò bá fi rí i, ó ti pọ̀ jù, a sì tún dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ṣe ń di gbágungbàgun. Bàbá mi, tí wọn kò gun péfà rí, ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí láti ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń rìn. Wọ́n sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí ọwọ́ ìyí pé, "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀ kó rìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Iṣẹ́ tèmi kò nílò agbára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, mo ń retí èsì ìdánwò. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ fún mi ní tẹmọ́mítà onírin ṣóńṣó kan, ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò. Bí típà bá ti dé, mo gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti àkókò tí ó dé, kí n ki irin bọ inú ọ̀dà, kí n sì kọ bí ó ti gbóná tó. Ọ̀dà máa ń kúrò níbi tí wọ́n ti ń pò ó ní nǹkan bíi dígírì 150. Òfin iṣẹ́ tiwa ni pé èyí tí kò bá tó 125 kò gbọdọ̀ wọ péfà. Ìdí òfin náà kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀dà nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, péfà a tẹ́ ẹ tó nǹkan bíi 6, róólà ni yóò sì tẹ ìyókù wọlé. Bí ọ̀dà bá wá tutù dé nǹkan bíi dígírì 80 kí róólà tó parí iṣẹ́, ó ti le, kò ní ṣe é tẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ lè dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò ní ihò bíi ti kànìnkànìn. Omi òjò ni yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ó dá, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, típà méjì sì ti dé kí ẹ̀kẹta tó rì sínú ẹrẹ̀ níbì kan tí a kò tíì ṣe. Péfà dúró sójú kan fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan. Nígbà tí típà náà yóò fi dé, òòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Mo ki tẹmọ́mítà bọ ọ̀dà. Ó dúró lórí 96.

Bàbá mi kò tilẹ̀ wo tẹmọ́mítà. Wọ́n wo òkìtì ọ̀dà tí ó ga ṣóńṣó, wọ́n sì yíjú sí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ọ̀dà yìí ti kú. Ẹ jẹ́ kí ó padà." Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà jìnnà, a kò tíì parí ìwọ̀n tí ó yẹ kí a ṣe lọ́jọ́ náà, owó ńlá sì ni ọ̀dà tí a bá dànù. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kọ 140."

Mo wo bàbá mi. Mo wo ọ̀gá. Mo rántí owó tí mò ń kó jọ láti fi wọ ilé-ìwé. Mo kọ 140.

Ọ̀dà náà wọ péfà ní kùkùté-kùkùté. Nítorí pé ó le, ìdí kò lè léfòó lé e bí ó ti yẹ, ńṣe ni ó gùn ún, ojú ọ̀dà sì ń ya lẹ́yìn rẹ̀ bí àkísà. Bàbá mi fi réèkì àti ṣọ́bìrì wá díẹ̀ tí ó ṣì gbóná nínú rẹ̀, wọ́n fi ń dí ojú ibi tí ó ya. Róólà lọ, ó bọ̀, kò mọye ìgbà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ojú ibẹ̀ ti dúdú, ó sì ti dán. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi pè mí. Wọ́n ní, "Kí lo kọ sínú ìwé?"

Mo ní, "Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo kọ, Bàbá."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò mọ̀wé kà."

Òjò ọdún 1982 rọ̀, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́. Omi wọ inú ihò rẹ̀, táyà ọkọ̀ ẹlẹ́rù sì ń fún omi náà mọ́ ọn lára, títí òkúta fi ń tú kúrò lára ọ̀dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ọdún 1983 ni ó sọ ọ́ di kòtò. Iwájú rẹ̀ dára, ẹ̀yìn rẹ̀ dára, ibi tí típà kan ṣoṣo dà sí ni ó bàjẹ́. Àwọn àgbà ìlú fi ẹjọ́ sùn. Nígbà tí wọ́n rán ẹnì kan wá wò ó, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó sì rí i pé gbogbo ọ̀dà ni ó gbóná dáadáa. Ó ní ẹrù àwọn ọkọ̀ akógẹdú ni ó wúwo jù. Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n fi dá àwọn ènìyàn mi lẹ́bi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, bàbá mi ń ti oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Omi òjò ti kún kòtò náà bámúbámú, wọn kò rí i. Ọrùn ọwọ́ wọn ọ̀tún ni ó kán. Atoegun tò ó, ó sì jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò lágbára àtifa réèkì mọ́. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1950 ṣe parí nìyẹn. Nígbà tí mo wálé láti ilé-ìwé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí. Mo béèrè ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Níbi ọ̀dà òkú yẹn ni." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí wọ́n fi wàjà ní ọdún 1998. Èmi náà kò tọrọ àforíjì. Mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé ọmọdé ni mí nígbà náà, pé ọ̀gá ni ó pàṣẹ. Òtítọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bírò kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọwọ́ mi ni ó wà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ lè béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Tẹmọ́mítà àti ìwé àkọsílẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Máàkì ni mò ń kọ báyìí. Ní ọdọọdún ni àwọn ènìyàn máa ń wá bá mi nípa akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba 27, pé kí n ṣàánú, kí n sọ ọ́ di 40. Àwọn kan jẹ́ òbí, àwọn kan jẹ́ ọ̀rẹ́, àwọn kan sì jẹ́ ẹni tí ó jù mí lọ. N kì í ṣe ẹni mímọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ojú kò ti mí rí láti kọ ẹ̀bẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé bírò, ọrùn ọwọ́ bàbá mi ni mo máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nígbà tí kò lè kọ́ni, ojú rẹ̀ yóò dán lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Kíláàsì tí ó kún fún àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò ti di kòtò. Àwọn ọmọ náà kò sì ní mọ ẹni tí ó kọ 40.

Mo ti rí péfà ìgbà ìwòyí. Ó ní ohun tí ń wo bí ọ̀nà ti ga tó, tí ó sì ń tún ìdí ṣe fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ń yí ọwọ́ ìyí. Tẹmọ́mítà pàápàá kò nílò àtikì bọ ọ̀dà mọ́, wọ́n kàn ń nà án sí i láti òkèèrè ni. Iṣẹ́ àrà ni. Síbẹ̀, ẹnì kan ṣì ní láti sọ pé kí típà tí ọ̀dà rẹ̀ ti kú padà, kí ọ̀gá sì gbọ́.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún kíláàsì náà lọ́jọ́ tí mò ń wí. Nígbà tí mo parí, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ojú pátákó: 'ẹ̀rọ atẹ́dà' àti 'péfà'. Mo ní èkíní dára fún ìwé, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ó sì bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wa mu. Èkejì ni àwọn tí ó jó lọ́wọ́ ń pè é, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Kí wọ́n kọ méjèèjì. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè náà tún na ọwọ́. Ó ní, "Sà, tí bàbá yín bá wà láyé, kí lẹ máa sọ fún wọn?"

Mo dúró díẹ̀ kí n tó lè fèsì. Mo ní n óò sọ fún wọn pé 96 ni.